Rédíò oní-mẹ́mórì tí wọ́n kó Bíbélì Yorùbá sí: ibi tó ti ń ran ọkàn lọ́wọ́, àti ibi tó kù sí

Ní Takie, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí àtẹ àwọn tó ń ta ohun èlò fóònù, rédíò kékeré kan wà tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní ihò fún mẹ́mórì, ihò fún fíláàṣì, tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́. Àgbẹ̀ ń gbé e lọ sóko, aránṣọ ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń rà á nítorí ohun kan ṣoṣo, kí wọ́n lè máa gbọ́ Bíbélì Yorùbá ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ìlò yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Ṣé rédíò yìí lè ran ènìyàn lọ́wọ́ kí ó yí padà nínú, débi pé ará ilé rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ á rí i? Ó lè ràn án lọ́wọ́, ó sì tó owó tí wọ́n ń dá lé e. Àmọ́ àléébù ńlá kan wà lára rẹ̀ tí kò hàn nínú ṣọ́ọ̀bù: kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dákẹ́. Ẹni tí kò bá wá nǹkan ṣe sí èyí, á gbọ́ odindi Májẹ̀mú Titun tán, ìbínú rẹ̀ á sì wà níbi tó wà.

Ìlú tó mọ ìwé ni Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ti gbé iṣẹ́ Baptist dé ibẹ̀ ni ilé ìjọsìn àti ilé ìwé ti ń rìn pọ̀. Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ pé odindi ní 1884, ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù tí à ń pè ní Seminary lónìí sì bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Nítorí náà, ìyá àgbà tó kọ́ ìwé kíkà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ìyá tó lè ka Sáàmù láì kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìyá àgbà ti ń ṣú, lẹ́tà inú Bíbélì sì kéré. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ríran dáadáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìwé, bí ó bá fẹ́ ka ẹsẹ mẹ́ta ní Yorùbá, á máa wá àmì ohùn kiri. Bàbá tó ń jí lọ oko ní agogo márùn-ún tún wà láàárín wọn, iná ọba kò sí, kò sì sí àyè láti tan fìtílà jókòó ti ìwé. Àwọn mẹ́ta yìí ni rédíò náà bá mu jù. Ẹni tó lè jókòó ka Bíbélì tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì sùn kò nílò rẹ̀, kí ó máa ka tirẹ̀ lọ.

Ohun tí à ń wá gbọ́dọ̀ yé wa kí a tó sọ pé irinṣẹ́ kan dára fún un. Pọ́ọ̀lù to èso Ẹ̀mí mẹ́sàn-án sílẹ̀ nínú Gálátíà 5:22-23: ìfẹ́, ayọ̀, àlàáfíà, ìpamọ́ra, ìwà pẹ̀lẹ́, ìṣoore, ìgbàgbọ́, ìwà tútù, ìkóra-ẹni-níjàánu. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹni tí à ń bá gbé kò ní mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí. Ìyípadà inú ń hàn nínú bí a ṣe dá ọmọ lóhùn nígbà tó da omi nù, nínú bí a ṣe wọn ọjà, nínú bí a ṣe sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ni irúgbìn rẹ̀, bí Jésù ṣe wí nínú Lúùkù 8. Ilẹ̀ mẹ́rin ni irúgbìn kan náà bọ́ sí, ẹyọ kan ló so. Àwọn tó so èso, Jésù ní wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n dì í mú, wọ́n sì fi sùúrù so èso. Gbígbọ́ ni rédíò lè ṣe fún wa. Dídìmú àti sùúrù kò sí nínú mẹ́mórì kankan, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà tí a gbà ń lò ó ti ṣe pàtàkì.

Bí orí kan bá ti parí, rédíò yìí á bọ́ sí èkejì láì mí. Jákọ́bù 3 á sọ̀rọ̀ nípa ahọ́n, ọ̀rọ̀ náà á gún ènìyàn lọ́kàn, kí ó tó ronú kan ẹni tó bú lánàá, Jákọ́bù 4 ti ń sọ̀rọ̀ nípa ogun àti ìjà. Nígbà tí omi ìwẹ̀ bá fi gbóná, a ti dé Pétérù Kìíní. Gbogbo rẹ̀ dùn létí, kò sì sí èyí tó dúró. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó wo bí ohùn rẹ̀ ṣe lágbára tó, ni bóyá ó lè tún ẹyọ orí kan ṣoṣo kọ. Lára àwọn kan, bọ́tìnnì REP tàbí MODE ló wà fún un. Lára òmíràn, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tí ó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń dá ohùn dúró mọ́lẹ̀ títí yóò fi dún tàbí tí iná rẹ̀ á ṣẹ́jú. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà. Ẹ ní kí ó fi orin kúkúrú kan sí i, kí ẹ dúró títí orin náà fi parí, kí ẹ sì rí i pé òun náà ló tún bẹ̀rẹ̀.

Bí èyí tí ẹ rà kò bá lè tún orí kọ, ọgbọ́n kan wà tó ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ wọ yàrá tó dákẹ́, ẹ fi fóònù gba ohùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láì sọ ohunkóhun, kí ẹ sì gba ti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́tọ̀. Ẹ wá to mẹ́mórì báyìí: orí Bíbélì ní àkọ́kọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tẹ̀ lé e, orí kan náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Rédíò á máa rò pé òun ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ̀yin á sì rí àyè ronú. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ fóònù ń fi ohùn tí wọ́n gbà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí m4a, rédíò kékeré kì í sì ka m4a. MP3 ló mọ̀. Ẹ wo ètò inú fóònù yín bóyá ó lè fi MP3 pamọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín kó nǹkan sí mẹ́mórì yí i padà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Mẹ́mórì ni ọ̀pọ̀ ti ń ná owó tí kò yẹ. Bí wọ́n bá gba ohùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n 64 kbps, tó mọ́ tó fún ọ̀rọ̀ kíkà, wákàtí kan kò ju bí MB 29 lọ. Orí 260 ló wà nínú Májẹ̀mú Titun, kíkà rẹ̀ sókè kì í sábà tó wákàtí 30, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kò ní kún GB 1. GB 2 tó fún Májẹ̀mú Titun, GB 4 sì tó fún odindi Bíbélì pẹ̀lú orí 1,189 rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta GB 64 fún yín. Yàtọ̀ sí owó, ọ̀pọ̀ rédíò kékeré kò lè ka èyí tó bá ju GB 32 lọ, nítorí pé exFAT ni wọ́n fi ṣètò irú mẹ́mórì ńlá bẹ́ẹ̀, rédíò náà sì ń fẹ́ FAT32. Mẹ́mórì ayédèrú tún wà: wọ́n á kọ GB 32 sí i lára, ààyè inú rẹ̀ gan-an kò sì tó nǹkan. Á gba gbogbo fáìlì wọlé láì ráhùn, àmọ́ bí ẹ bá dé ìdajì, ohùn á máa já tàbí kí ó má tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n rọrùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí i, kí ẹ sì ṣí orí tó gbẹ̀yìn, Ìfihàn 22. Bí kò bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má rà á.

Ìtò orí náà tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí orúkọ fáìlì bá jẹ́ 1, 2, 3 títí dé 16, bíi ti ìwé Máàkù, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á to wọn báyìí: 1, 10, 11, 12, títí dé 16, kí ó tó padà sí 2. Ẹ óò rí i pé Jésù ti wọ Jerúsálẹ́mù kí ó tó wo arọ sàn ní Kápánáúmù. Kí wọ́n kọ ọ́ ní 01, 02, 03, àti 001 fún Sáàmù nítorí pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó ṣì kù o. Àwọn rédíò olówó pọ́ọ́kú kì í wo orúkọ rárá, bí fáìlì ṣe wọ mẹ́mórì tẹ̀ léra ni wọ́n ń kà á. Fún irú èyí, kí ẹni tó ń kó o kọ́kọ́ nu mẹ́mórì náà mọ́ pátápátá, kí ó sì máa kó orí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe tẹ̀ léra. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó yẹ kí a san owó tó tọ́ fún un. Owó iṣẹ́ la ń san fún un, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni Faith Comes By Hearing, àwọn tó ni áàpù Bible.is, ń fi ohùn Bíbélì fún gbogbo ènìyàn. Ẹ sì sọ fún un kí ó má fi orin tàbí ìwàásù kankan há àárín rẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń ba ìfọkànsìn jẹ́, pàápàá ní agogo márùn-ún òwúrọ̀.

Ní ti ohùn kíkà, oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni kan ṣoṣo tó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì jẹ́ ti àwọn ènìyàn púpọ̀, tí olúkúlùkù ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tí ìjì ń fẹ́, tí èrò ń pariwo, tí orin ń lọ lábẹ́lẹ̀. Èkejì ni àwọn ọmọdé fẹ́, ó sì dára fún ilé ní alẹ́, Máàkù 4 pẹ̀lú ìjì lórí òkun á mú wọn jókòó. Fún ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹ òun wò ní òwúrọ̀, ti ẹni kan ṣoṣo ni mo fara mọ́. Orin lè mú omijé jáde lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn, onítọ̀hún á sì dìde pẹ̀lú èrò pé Ẹ̀mí ti ṣiṣẹ́. Bí ẹkún náà bá wà pẹ̀lú ìrònúpìwàdà, ó dára. Ìlù àti fèrè nìkan kò tó. Ní ti ìtumọ̀ tí ẹ máa yàn, èyí tó bá Bíbélì tó wà nínú ilé yín mu ni kí ẹ gbà, kí ọmọ tó ń gbọ́ lè máa fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé. Ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn tí ọmọ fi lè mọ Yorùbá kà.

Fóònù ńkọ́? Áàpù Bible.is àti ti YouVersion ní Bíbélì Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè dá ohùn dúró níbi tó wù yín. Ní ti èyí, wọ́n sàn ju rédíò lọ. Àmọ́ fóònù kan náà ni ìwé ìpè gbèsè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ẹbí ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó kọ́kọ́ gba àwọn orí tó fẹ́ sílẹ̀ ní alẹ́, kí ó sì fi fóònù sí flight mode kí ó tó sùn. Ohun tí áàpù gbà sílẹ̀ kì í ṣeé gbé jáde sínú mẹ́mórì rédíò o, inú áàpù náà ló ń gbé. Fáìlì MP3 lọ́tọ̀ ni rédíò ń fẹ́.

Bátìrì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó ń lo BL-5C, irú tó wà nínú Nokia àtijọ́, ni kí ẹ rà, nítorí pé ó ṣeé yọ, òmíràn sì wà níbi gbogbo. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa sínú, bí bátìrì rẹ̀ bá kú, rédíò ti kú nìyẹn. Gíláàsì sólà kékeré tó ń gba iná láti ara oòrùn, tí wọ́n fi sẹ́yìn àwọn kan, kì í lè gba agbára púpọ̀, kí ẹ má tìtorí rẹ̀ san owó lé owó. Bí bátìrì bá ti wú, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má gún un, ẹ má sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó bá ń gba iná.

Ó wá kan bí a ṣe ń lò ó, níbi tí gbogbo owó yẹn yóò ti jẹ́ èrè tàbí òfò.

Ẹ mú ìwé kúkúrú kan. Jákọ́bù ni mo máa ń dábàá fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: orí márùn-ún, ẹsẹ 108, kò sì sí èyí tí kò wọ inú ilé àti ọjà. Orí kan fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó máa ń ṣe àwọn ènìyàn bíi pé ó lọ́ra, pàápàá àwọn tó ti ń ka orí mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ fara dà á. Ẹsẹ 18 ló wà nínú Jákọ́bù 3, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kíkà rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀, nítorí pé orun ọ̀yẹ̀ kò mọ ẹni mímọ́. Ẹ gbàdúrà gbólóhùn kan pé kí Olúwa bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láì wá ohunkóhun. Ẹ tún un gbọ́, lọ́tẹ̀ yìí kí ẹ máa ṣọ́ gbólóhùn tí ó bá di etí mú. Bó bá ti dì í mú, ẹ pa rédíò.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e ló ṣòro jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta máa ń gùn. Ẹ máa fi ẹnu sọ gbólóhùn náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè kan: níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi lánàá? Ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí, láì fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ohun kan tí ẹ máa ṣe lónìí, tó ní ènìyàn nínú tó sì ní àkókò. Bí ẹnì kan bá sọ pé, “Mo máa kó ahọ́n mi níjàánu,” ọ̀rọ̀ lásán ni. “Bí ìyàwó mi bá bi mí léèrè owó oúnjẹ láàárọ̀ yìí, mi ò ní jágbe mọ́ ọn.” Èyí ṣeé wò ní alẹ́. Kí ẹ tó sùn, ẹ gbọ́ orí kan náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ ṣe é. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ jẹ́wọ́, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀ràn kàn, òun kan náà ni kí ẹ sì gbé jí lọ́la.

Ìlànà yìí ti pẹ́. Guigo, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, tò ó bí àkàbà onígbésẹ̀ mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti dídúró jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ó sì ti wà nínú Bíbélì gan-an kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Onísáàmù ní òun pa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ sínú ọkàn òun kí òun má baà ṣẹ̀ sí i. Ohun tí à ń pamọ́ kì í yára kọjá lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń rí nínú ọjà. Obìnrin kan ń ta gààrí, kóńgò ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà pọ̀ tí kóńgò fi lè purọ́: wọ́n lè fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọ inú, wọ́n lè fi ìka ti inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bu gààrí, wọ́n sì lè gbọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bá ń rà, kí wọ́n má gbọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tà. Òwe 11 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n èké, pé ìríra ni lójú Olúwa. Bí obìnrin yìí bá gbọ́ odindi ìwé Òwe ní òwúrọ̀ méjì, ẹsẹ yẹn á kọjá pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí ó bá gbé Òwe 11 jí fún ọ̀sẹ̀ kan, á dé ọjọ́ tí yóò mú kóńgò náà, tí yóò yí ìdí rẹ̀ padà, tí yóò wò ó. Owó tó ń wọlé á dín kù fún ìgbà díẹ̀, kí a má tan ara wa. Ìdí nìyí tí àdúrà fi gbọ́dọ̀ bá gbígbọ́ rìn, nítorí pé ènìyàn nílò agbára tó ju ìpinnu lọ láti ra kóńgò tuntun nígbà tí gbogbo àtẹ tó yí i ká ń lo èyí tó ti tẹ̀.

Ti aránṣọ náà kò yàtọ̀. Jésù ní kí bẹ́ẹ̀ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, kí bẹ́ẹ̀kọ́ wa jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́, nínú Mátíù 5:37. Oníbàárà gbé aṣọ dé ní Ọjọ́bọ̀, ó ní, “Bọ̀dá, Sátidé ni ìnáwó yìí o.” Aṣọ mẹ́jọ ló ti wà nílẹ̀. Ìwà àtijọ́ á ní, “Kò séwu, ẹ máa bọ̀ wá gbà á.” Ìyípadà ọkàn aránṣọ ni kí ó lè sọ pé, “Ẹ má bínú, mi ò ní lè rí i ṣe kó tó di Sátidé,” kí ó sì jẹ́ kí aṣọ náà bá ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́run ló ń bọ́ ni ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí a bá ń lò ó tí kò sì sí ohun tó ń yí padà, ibi mélòó kan ni kí a wò. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ti sọ ọ́ di ariwo ilé, tí ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ìyá fi gbé ọbẹ̀ ka iná tó sì sọ̀ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Etí máa ń kọ́ bí a ṣe ń gbójú fo ohùn tí kì í dákẹ́, bó bá sì ti kọ́ ọ tán, ó ṣòro láti tún un kọ́. Ó sàn kí rédíò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a sì pa á. Èkejì, à ń gbọ́ ọ fún ẹlòmíràn. “Ká ní ọ̀gá mi wà níbí ni!” Nígbà tí èrò yẹn bá wá, ẹ gbàdúrà kúkúrú fún ọ̀gá náà, kí ẹ sì tún ẹsẹ náà gbọ́ pẹ̀lú orúkọ ara yín nínú rẹ̀. Òmíràn ni ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti mọ̀ tí a kò fẹ́ fọwọ́ kàn, bíi gbèsè tí a lè san tí a kò san, tàbí ẹ̀gbọ́n tí a kò kí láti ìgbà tí wọ́n ti pín ilẹ̀ bàbá. Kò sí orí tuntun tí yóò rọ́pò ìgbọràn sí èyí tí a ti gbọ́. Jákọ́bù ní ẹni tó ń gbọ́ tí kì í ṣe é dà bí ẹni tó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí, tó lọ, tó sì gbàgbé bí òun ti rí. Ìgbà mìíràn sì wà tí kò sí ẹ̀bi kankan, tó jẹ́ pé ara ń rẹ ènìyàn ni, tàbí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó gbọ́ Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ni, kí ó sì sinmi.

Ọ̀rọ̀ ohùn gíga kàn mí lọ́kàn púpọ̀. Nínú agbo-ilé wa, ògiri kan náà ni èmi àti ẹni kejì jọ ń lò, ọmọ tuntun lè wà níbẹ̀, olùkọ́ tó sùn lẹ́yìn agogo méjìlá lè wà níbẹ̀, aládùúgbò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sì wà níbẹ̀. Kò tọ́ kí a fi ohùn Bíbélì jí wọn ní agogo mẹ́rin àbọ̀. Ìfẹ́ ọmọnìkejì tó wà nínú orí tí à ń gbọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí rédíò bá ní ihò íápíìsì, ẹ lò ó. Bí kò bá ní in, ẹ yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní gbọ́ ọ, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ ara yín.

Èyí tó kẹ́yìn ni bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹ má kó odindi Bíbélì fún màmá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bọ́tìnnì á máa dà á rú, á sì há sínú Léfítíkù láì mọ bí òun ṣe máa jáde. Ẹ ra mẹ́mórì kékeré méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ kó Máàkù nìkan sí ọ̀kan, Sáàmù mẹ́wàá tí ó fẹ́ràn sí èkejì, ẹ sì bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n fẹ́, ẹ má yàn án fún wọn. Ẹ lẹ teepu mọ́ bọ́tìnnì tó ń bẹ̀rẹ̀ kí ìka lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì bo bọ́tìnnì rédíò FM kí wọ́n má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún sáàárín orí kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ kan nínú ilé máa gba iná sí bátìrì ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé, kí ó jókòó ti màmá fún orí kan lẹ́yìn náà, kí ó sì béèrè pé, “Màmá, kí lẹ gbọ́?”